Kí ló ń ba oníṣẹ́ọwọ́ London lẹ́rù nínú òru?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, ọ̀gá wa. Télọ̀ ni mí ní Òṣogbo, mo sì ní ọmọ iṣẹ́ mẹ́rin lábẹ́ mi. Nípàdé ẹgbẹ́ wa tó kọjá, ẹnì kan dìde pé kí a máa gba owó ìtanràn lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni tó bá ṣì ń ránṣọ lẹ́yìn aago mẹ́jọ alẹ́. Ó ní bí ẹgbẹ́ oníṣẹ́ọwọ́ àwọn òyìnbó ti ń ṣe láyé àtijọ́ nìyẹn, òun ló sì jẹ́ kí iṣẹ́ wọn dáńtọ́. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé bí ọdún bá ti ń sún mọ́lé, òru la fi ń parí aṣọ oníbàárà. Ṣé òótọ́ lohun tó sọ? Kí ló dé tí wọ́n fi kórìíra òru tó bẹ́ẹ̀? Ṣé obìnrin tilẹ̀ wà nínú ẹgbẹ́ wọn?

Ìdáhùn: Ẹ kú iṣẹ́ abẹ́rẹ́ o, ìyá wa. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ẹni yẹn ò sọ ọ́ tán. Òfin náà wà, kò sì mọ sí ìlú kan ṣoṣo. Ní Paris, ní nǹkan bí ọdún 1268, Étienne Boileau tó ń ṣojú ọba níbẹ̀ mú kí wọ́n kọ òfin iṣẹ́ ọwọ́ bí 100 sínú ìwé kan. Púpọ̀ nínú àwọn iṣẹ́ náà ló ní kí ọmọ ẹgbẹ́ gbé irinṣẹ́ sílẹ̀ bí ilẹ̀ bá ti ń ṣú. London náà ṣe bẹ́ẹ̀. Dípò kí n máa to orúkọ ìlú lé ara wọn, ẹ jẹ́ kí n mú òfin kan ṣoṣo, kí a tú u wò bí ẹ ṣe máa ń tú aṣọ láti mọ bí ẹni tó rán an ṣe rán an.

Ọdún 1345 ni òfin yìí, àwọn alágbẹ̀dẹ London tó ń rọ kẹ́ṣẹ́ ló sì ṣe é. Kẹ́ṣẹ́ yìí náà ni à ń dárúkọ nígbà tí a bá ní wọ́n gún ẹnì kan ní kẹ́ṣẹ́: irin ṣóńṣó tí ẹlẹ́ṣin ń dè mọ́ gìgísẹ̀ rẹ̀. Nǹkan kékeré ni, ṣùgbọ́n ọlọ́lá ń wọ̀ ọ́ jáde, wọ́n a sì máa fi wúrà bò ó kó lè dán. Àwọn alágbẹ̀dẹ náà gbé òfin wọn lọ bá olórí ìlú àti ìgbìmọ̀ rẹ̀ pé kí wọ́n bá àwọn fọwọ́ sí i. Ohun tí wọ́n fi ṣíde ni pé ẹnikẹ́ni nínú wọn lè bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ látìgbà tí ojúmọ́ bá ti mọ́, àmọ́ bí agogo kóńlé-ó-gbélé bá ti dún ní ṣọ́ọ̀ṣì St Sepulchre, lẹ́yìn ẹnubodè Newgate, kí òòlù dákẹ́.

Wọ́n sọ ìdí rẹ̀. Wọ́n ní kò sẹ́ni tó lè ṣiṣẹ́ lóru kó mọ́ bíi tọ̀sán. Èyí ò le yé télọ̀: ẹ fi òwú dúdú rán aṣọ dúdú lábẹ́ àbẹ́là wò. Àbẹ́là ọ̀rá ẹran tó ń rú èéfín ló wà lárọ̀ọ́wọ́tó mẹ̀kúnnù wọn, torí pé èyí tí wọ́n fi ìda oyin ṣe wọ́n. Lẹ́yìn náà ni wọ́n sọ ohun tó wúwo jù. Wọ́n ní ọ̀pọ̀ nínú àwọn ará iṣẹ́ àwọn tó ń wá ọ̀nà àtiṣe màgòmágó ló fẹ́ràn òru ju ọ̀sán lọ, torí òru ni wọ́n ń ráyè ti irin burúkú àti irin tó ti sán mọ́ iṣẹ́, tí wọ́n á tún fi wúrà kun bàbà tí kò dáa. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kíyè sí ẹni tó ń sọ̀rọ̀. Kì í ṣe oníbàárà tí wọ́n rẹ́ jẹ ló ń pariwo, kì í ṣe adájọ́. Àwọn alágbẹ̀dẹ fúnra wọn ló jẹ́wọ́ ohun tó ń lọ nínú àgbẹ̀dẹ.

Ibi tó tẹ̀lé e ni mo fẹ́ràn jù nínú gbogbo ìwé náà. Wọ́n ní àwọn kan wà tó jẹ́ pé láti àárọ̀ ni wọ́n á ti máa rìn gbéregbère kiri ìgboro, wọn ò ní fọwọ́ kan òòlù. Ìgbà tí wọ́n bá mutí yó kẹ́ri, tí orí wọn ti dàrú, ìgbà náà ni wọ́n á wá wọ àgbẹ̀dẹ. Wọ́n á fẹ́ iná kíkankíkan títí gbogbo ìléru á fi máa jó lala, tí ẹ̀ta iná á máa ta pàràpàrà jáde lẹ́nu ihò èéfín. Aláìsàn tó dùbúlẹ̀ nítòsí ò ní sinmi. Àwọn aládùúgbò ò ní fọkàn balẹ̀, torí ẹ̀ta iná yẹn lè mú ilé wọn nígbàkigbà. Ìjà á sì tún bẹ́ sílẹ̀ láàárín àwọn ọ̀mùtí yìí àti àwọn àjèjì tó ń gbé láàárín wọn. Bí mo bá ti ka ibẹ̀, ó máa ń dà bíi pé mò ń gbọ́ ohùn aládùúgbò kan tí kò rí oorun sùn lálẹ́ àná tó wá ń rojọ́ láàárọ̀.

Ìtanràn wà fún ẹni tó bá rú òfin náà, ìdajì fún ìlú, ìdajì fún ẹgbẹ́. Bó bá ṣe é lẹ́ẹ̀kejì, owó náà á lé. Lẹ́ẹ̀kẹta, á tún lé sí i. Lẹ́ẹ̀kẹrin, kó búra pé òun ò ní ṣe iṣẹ́ náà mọ́ láéláé.

Ẹ má wá rò pé ọmọ iṣẹ́ ń rí ìsinmi gidi nínú òfin yìí. Láti àfẹ̀mọ́júmọ́ títí di agogo alẹ́ kì í ṣe iṣẹ́ kékeré. Ẹ tún rántí pé ojúmọ́ ilẹ̀ wọn ò rí bíi tiwa. Lọ́dọ̀ wa, látọdún dọ́dún, oòrùn ń lo nǹkan bíi wákàtí 12 lójú ọ̀run, ó lè fi díẹ̀ lé, ó lè fi díẹ̀ dín. Ní Paris, oòrùn oṣù Kẹfà ń lo wákàtí 16, ti oṣù Kejìlá ò sì ju bíi 8 lọ. Nítorí náà, iṣẹ́ tí òfin rẹ̀ ní ojúmọ́ nìkan ni kí wọ́n fi ṣe é, òfin kan náà ló ń lo ọmọ iṣẹ́ bí ẹrú nígbà ooru, tó sì ń dín owó tó ń wọlé kù nígbà òtútù, nígbà tí ebi ń pa ènìyàn jù.

Bí ẹ bá bi mí pé kí ni gbogbo rẹ̀ dá lé lórí, ojú ni mo máa sọ. Ohun tí wọ́n ń sá fún ni iṣẹ́ tójú ẹlòmíràn ò tó. Oníbàárà ò mọ irin, kò mọ wúrà, kò mọ ohun tó wà nínú ìyẹ̀fun. Bí iṣẹ́ bá wáyé lójú títì, ní ọ̀sán gangan, ojú àwọn tó mọ̀ ọ́n ṣe á wà lára rẹ̀. Òru mú ojú yẹn kúrò. Abẹ́ tábìlì náà lè mú un kúrò, ẹ sì jẹ́ kí n sọ bó ṣe ṣẹlẹ̀ ní London ní ọdún 1327.

Nígbà yẹn, ọ̀pọ̀ ilé ni kò ní ààrò tí wọ́n lè fi yan búrẹ́dì. Wọ́n á po ìyẹ̀fun wọn nílé, wọ́n á gbé e lọ sọ́dọ̀ oníbúrẹ́dì kó bá wọn yan án. Oníbúrẹ́dì kan tó ń jẹ́ John Brid dá ihò sójú tábìlì tó ti ń gé ìyẹ̀fun, ó fi ìlẹ̀kùn kékeré sí i tó ṣeé ṣí tó sì ṣeé pa dé, bíi pàkúté eku. Bí oníbàárà bá gbé ìyẹ̀fun pípò rẹ̀ lé orí tábìlì, tó dúró tó ń wò ó, ọ̀kan nínú àwọn ará ilé Brid ti fara pa mọ́ sábẹ́ tábìlì náà. Yóò rọra ṣí ihò náà, yóò máa bu ìyẹ̀fun náà wálẹ̀ díẹ̀díẹ̀, olówó ò sì ní fura. Ojú oníbàárà wà níbẹ̀, àmọ́ ibi tó yẹ kó wò kọ́ ló ń wò. Nígbà tí àṣírí tú, ó hàn pé Brid nìkan kọ́, àwọn oníbúrẹ́dì mìíràn náà ń ṣe é. Ìdájọ́ wọn ni pé kí wọ́n lọ dúró níbi igi ìtìjú tí wọ́n fi ń há ọrùn àti ọwọ́ ọ̀daràn ní gbangba. Ẹni tí wọ́n bá ìyẹ̀fun lábẹ́ tábìlì rẹ̀, wọ́n so ìyẹ̀fun náà mọ́ ọn lọ́rùn. Ẹni tí wọn ò bá ìyẹ̀fun lábẹ́ tiẹ̀, ó dúró láìsí ohun kankan lọ́rùn. Ìwà tí wọ́n hù ní ìkọ̀kọ̀, ojú títì ni wọ́n ti san án.

Àwọn alágbẹ̀dẹ wúrà àti fàdákà lọ jìnnà jù bẹ́ẹ̀ lọ, torí ojú lásán ò lè dá ayédèrú wúrà tàbí fàdákà mọ̀. Ní ọdún 1300, Edward Kìíní, ọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, pàṣẹ pé fàdákà kankan ò gbọdọ̀ kúrò lọ́wọ́ ẹni tó ṣe é láìjẹ́ pé àwọn alábòójútó iṣẹ́ ti dán an wò, tí wọ́n sì ti lu àmì orí ẹkùn sí i. Nínú ìpín 1000, 925 gbọ́dọ̀ jẹ́ fàdákà gidi. Láti 1363, ọ̀gá kọ̀ọ̀kan ní láti lu àmì tirẹ̀ náà mọ́ ọn, kí wọ́n lè mọ ilé ẹni tí wọ́n máa lọ kàn. Láti 1478, gbọ̀ngàn ẹgbẹ́ wọn ni wọ́n ti ń lu àwọn àmì náà, wọ́n sì fi lẹ́tà ọdún kún un. Bí ẹ bá pàdé òrùka tí wọ́n dán wò ní London lónìí, ẹ gbé e sínú ìmọ́lẹ̀ kí ẹ wo inú rẹ̀ dáadáa. Orí ẹkùn kékeré tí kò tó èékánná ọmọ ọwọ́ ṣì wà níbẹ̀.

Ibi tí ẹni tó dìde nípàdé yín dé nínú ọ̀rọ̀ rẹ̀ nìyí, ó sì jókòó. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká padà sínú òfin àwọn alágbẹ̀dẹ kẹ́ṣẹ́, kí a kà á dé ìsàlẹ̀. Ó ní wọn ò gbọdọ̀ ta kẹ́ṣẹ́ àlòkù bíi tuntun, ìyẹn sì dáa, ẹ̀yin tí ẹ mọ ọjà tòkunbọ̀ á fọwọ́ sí i. Ó tún ní kò sẹ́ni tó gbọdọ̀ ṣí ṣọ́ọ̀bù iṣẹ́ náà àfi ẹni tí ìlú ti gbà wọlé. Kò sẹ́ni tó gbọdọ̀ gba ọmọ iṣẹ́ fún iye ọdún tó dín sí 7. Kò sẹ́ni tó gbọdọ̀ gba ọmọ iṣẹ́ tàbí alágbàṣe ẹlòmíràn títí àdéhùn rẹ̀ yóò fi pé. Lọ́jọ́ Sunday àti ọjọ́ ọdún ńlá, kí wọ́n má gbé kẹ́ṣẹ́ kọ́ síta. Àmì iṣẹ́ nìkan ni kó wà lóde.

Ìyá wa, ṣé ẹ rí i bí ìlà náà ṣe yí? Ìlẹ̀kùn tí wọ́n tì mọ́ olè ni wọ́n tún tì mọ́ ẹni tó fẹ́ bá wọn du ọjà. Èmi gbà pé òfin òru náà ní ojú méjì yìí. Alágbẹ̀dẹ tó bá ń fi òru kún ọ̀sán á rọ kẹ́ṣẹ́ tó pọ̀ ju ti aládùúgbò rẹ̀ lọ, á tà á ní ẹ̀dínwó, ọjà á sì kú mọ́ ẹnìkejì lọ́wọ́. Agogo alẹ́ ló mú kí gbogbo wọn dọ́gba. Ó dára fún ẹni tó ti ní ṣọ́ọ̀bù. Ọ̀dọ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba òmìnira tí kò ní ohun mìíràn ju agbára apá rẹ̀ lọ, òun ni òfin náà ni lára jù.

Òmìnira tí mo wí yìí, ẹ máa rò pé fírídọ̀mù tí à ń ṣe fún ọmọ iṣẹ́ ni. Orúkọ kan náà ló ń jẹ́ ní London, àmọ́ ọwọ́ ìlú ni ọmọ iṣẹ́ ti ń gbà á níbẹ̀. Níbẹ̀rẹ̀, wọ́n á kọ àdéhùn rẹ̀ ní ẹ̀ẹ̀mejì sórí awọ kan ṣoṣo, wọ́n á gé e láàárín ní wálawàla bí eyín ayùn, ọ̀gá á mú ìdajì, àwọn ènìyàn ọmọ náà á mú ìdajì. Bí ìjà bá dé, wọ́n á pa ẹnu méjèèjì pọ̀ wò bóyá wọ́n bára mu. Ọ̀gá gbọ́dọ̀ bọ́ ọ, kó wọ̀ ọ́ láṣọ, kó fún un níbi tó máa sùn, kó sì kọ́ ọ níṣẹ́. Ọmọ náà ò gbọdọ̀ gbéyàwó, kò gbọdọ̀ ta tẹ́tẹ́, kò gbọdọ̀ tú àṣírí ọ̀gá. Bí ọdún rẹ̀ bá pé, ọ̀gá á mú un lọ sí gbọ̀ngàn ìlú, á búra, á san owó, ó di ọmọ ìlú London. Ẹ̀tọ́ àtiṣí ṣọ́ọ̀bù kó sì máa tajà fún ẹnikẹ́ni nínú ìlú, inú ìbúra yẹn ló wà.

Ẹni tó kọ́ṣẹ́ tán tí kò lówó ṣọ́ọ̀bù ń kọ́? Alágbàṣe tó ń gbowó lọ́dọ̀ ọ̀gá ló máa jẹ́, ọ̀pọ̀ wọn sì wà bẹ́ẹ̀ títí wọ́n fi kú. Èyí kan àwọn télọ̀ gan-an. Ẹgbẹ́ télọ̀ London gba ìwé àṣẹ ọba ní 1327. Nígbà tó di 1415, àwọn alágbàṣe télọ̀ kó ara wọn jọ sínú àwọn ilé kan nínú ìlú, wọ́n jọ ń gbé, wọ́n ń ṣèpàdé, wọ́n sì dá aṣọ ẹgbẹ́ tiwọn. Àwọn ọ̀gá lọ fẹjọ́ wọn sùn. Olórí ìlú pàṣẹ pé kí wọ́n kúrò nínú ilé náà, kí wọ́n má wọ aṣọ ẹgbẹ́ náà mọ́, kí wọ́n padà sábẹ́ àwọn ọ̀gá. Ọ̀gá télọ̀ ló fi aṣọ du télọ̀! Kò yani lẹ́nu bí ẹ bá mọ ohun tí aṣọ ẹgbẹ́ jẹ́ nílùú yẹn: livery, orúkọ aṣọ náà, ni wọ́n ṣì fi ń pe àwọn ẹgbẹ́ ńláńlá London dòní.

Ní Florence, ní ilẹ̀ Ítálì, ó burú jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹgbẹ́ 21 ló wà níbẹ̀, ẹni tí kò bá sí nínú ọ̀kan kò lè jẹ oyè ìlú. Àwọn tálákà tó ń gbọn irun àgùntàn, tó ń fọ̀ ọ́, tó ń yà á, abẹ́ òfin ẹgbẹ́ aláṣọ ni wọ́n wà, ẹgbẹ́ náà ló sì ń dá wọn lẹ́jọ́, bẹ́ẹ̀ wọn kì í ṣe ọmọ ẹgbẹ́. Ní oṣù Keje ọdún 1378, wọ́n dìde, wọ́n gba ààfin ìlú, wọ́n fi Michele di Lando, ọ̀kan lára wọn, jẹ olórí. Wọ́n dá ẹgbẹ́ tiwọn sílẹ̀. Kí oṣù Kẹsàn-án tó bẹ̀rẹ̀ dáadáa, wọ́n ti tú u ká.

Ẹ béèrè nípa obìnrin, inú mi sì dùn pé ẹ béèrè. Nínú ìwé Paris tí mo dárúkọ lókè, àwọn obìnrin tó ń ran òwú sílíìkì ní òfin tiwọn, kódà ọ̀nà méjì ni wọ́n pín sí: àwọn tó ń fi ìrànwú ńlá ran án àti àwọn tó ń fi kékeré ran án. Ní Köln, ní ilẹ̀ Jámánì, ẹgbẹ́ àwọn obìnrin tó ń ṣe òwú àti ti àwọn tó ń ran òwú wúrà gba òfin ní 1397, ti àwọn tó ń ṣe sílíìkì tẹ̀lé e ní 1437. Obìnrin ni ọ̀gá, ọmọbìnrin ni ọmọ iṣẹ́. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ìyá yìí, ọkọ wọn ni oníṣòwò tó ń ra sílíìkì tútù wọ̀lú tó sì ń ta èyí tí wọ́n ti ṣe tán, tí ilé kan á fi di odidi òwò. London ló ṣàjèjì. Àwọn obìnrin oníṣílíìkì ibẹ̀ gba ọmọ iṣẹ́, wọ́n kọ àdéhùn bíi tọkùnrin, àṣà ìlú sì gbà kí obìnrin tó lọ́kọ máa dá ṣòwò lórúkọ ara rẹ̀, kó jẹ gbèsè tirẹ̀, kó sì ro ẹjọ́ tirẹ̀. Síbẹ̀ wọn ò ní ẹgbẹ́. Bí ọ̀ràn bá ká wọn mọ́, ẹ̀bẹ̀ ni wọ́n ń kọ sí ìjọba, bíi ti 1455 tí ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin fi ka díẹ̀ nínú iṣẹ́ sílíìkì òkè òkun léèwọ̀ nítorí wọn. Opó ọ̀gá náà sábà máa ń di ṣọ́ọ̀bù ọkọ rẹ̀ mú, kó máa darí àwọn ọmọ iṣẹ́ lọ. Àmọ́ níbi tí àwọn ọkùnrin bá ti jókòó ṣòfin, a kì í rí i níbẹ̀.

Ní ti ẹgbẹ́ yín. Àwọn alágbẹ̀dẹ 1345 ní ìdí: àbẹ́là tí kò mọ́lẹ̀, ìléru tó lè jó àdúgbò, irin tí wọ́n ń fi òru bò. Aṣọ tí ẹ rán lábẹ́ gílóòbù, oníbàárà á yẹ̀ ẹ́ wò lọ́sàn-án kó tó sanwó, á wọ̀ ọ́ wò níwájú yín, á sì fa ojú rírán rẹ̀ wò. Ìdí tiwọn ò sí lọ́dọ̀ yín. Bó bá jẹ́ oorun àwọn ọmọ iṣẹ́ ló ń dun ẹni tó mú àbá yẹn wá, ọ̀rọ̀ gidi nìyẹn, èmi náà á tì í lẹ́yìn. Kó sọ ọ́ bẹ́ẹ̀, kí ẹ sì pe àwọn ọmọ iṣẹ́ wá sí ìpàdé kí wọ́n fẹnu ara wọn sọ wákàtí tí wọ́n ń sùn. Ní London, wọn ò pè wọ́n.

Bí ẹgbẹ́ yín bá sì ń wá òfin àtijọ́ tí wọ́n lè mú lò, mo ní ọ̀kan tó sàn ju ti agogo alẹ́ lọ. Ní 1346, ọdún kan péré lẹ́yìn ti àwọn alágbẹ̀dẹ kẹ́ṣẹ́, àwọn ará London tó ń fi álọ́ọ̀mù sọ awọ ẹran di funfun kọ òfin tiwọn. Wọ́n gbé àpótí kan kalẹ̀, ọmọ ẹgbẹ́ á máa fi owó sí i. Ẹni tó bá darúgbó tàbí tí kò lè ṣiṣẹ́ mọ́, tí kò sì ní ohun tó lè fi gbọ́ bùkátà, yóò máa gba pẹ́nì 7 lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ nínú rẹ̀. Bó bá kú, ìyàwó rẹ̀ á máa gba pẹ́nì 7 náà lọ, níwọ̀n ìgbà tó bá ń hùwà rere tí kò sì fẹ́ ọkọ mìíràn. Nítorí náà, nípàdé tó ń bọ̀, kí ẹ tó dìbò, ẹ bi ẹni tó mú àbá wá yẹn: owó ìtanràn tó fẹ́ kí a máa gbà, inú àpótí wo ló máa wọ̀, ta ni yóò sì jẹ nínú rẹ̀?